Bẹ́líìtì Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́: Ìtàn Láti Ojú Pópó Rẹ́mọ

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò ọkọ̀ ìjọba (VIO) lónìí, ní Ṣágámù tàbí níbòmíràn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, mọ ohun tí wọn yóò ní kó ṣe. Kó tan iná iwájú, kó tan ti ẹ̀yìn. Kó fọn fèrè. Kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Wọn yóò wo ojú táyà bóyá ó ti pá, wọn yóò béèrè sípíà, C-caution àti ohun ìpaná. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò na ọwọ́ gba ojú wíńdò, wọn yóò fa bẹ́líìtì wò. Bẹ́líìtì yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ wa ní Rẹ́mọ tí kò ní in, tí kò sì sí ẹni tó retí kí wọ́n ní in nígbà tí wọ́n dé.

Èmi náà ní ọ̀kan. Ìjàpá ni, Fọ́ksíwágìn tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1967. Bàbá mi ló rà á nígbà tó ń ṣòwò obì ní Ṣágámù, òun ló sì fi í sílẹ̀ fún mi. Ó ṣì ń rìn títí di òní. Mo mọ ẹni tó ní Pijó 404, mo mọ ẹni tó ní Mọ́rísì Máínọ̀, mo sì mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí 504 wọn ti ju ọmọ wọn lọ lọ́jọ́ orí. Bí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì bá dé, ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé, "Ọkọ̀ àtijọ́ ni, wọn kò ṣe é mọ́ ọn, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà." Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí láti orí lọ́rì obì títí dé orí ọ̀nà márosẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò gbe ọ̀rọ̀ wa yẹn lẹ́sẹ̀.

Orí lọ́rì obì

Kí mọ́tò kéékèèké tó pọ̀ ní Rẹ́mọ, lọ́rì ló ni ojú ọ̀nà. Ṣágámù, tí àwọn ìlú Rẹ́mọ 13 para pọ̀ tẹ̀ dó ní 1872, di ọjà obì pàtàkì nígbà tí gbànja gbilẹ̀ nínú oko wa. Àwọn Hausa tó wá ra obì tẹ̀dó sí Sábó. Apẹ̀rẹ̀ obì tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú, tí wọ́n sì rán lẹ́nu, ni wọ́n ń tò sórí lọ́rì lọ sí òkè Ọya. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́dọ̀ọ́, ó máa ń bá obì lọ sí Kánò. Orí ẹrù ló ń jókòó sí, okùn tí wọ́n fi di apẹ̀rẹ̀ náà ló sì ń dì mú bí lọ́rì bá bọ́ sínú kòtò. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Obì ni wọ́n so mọ́ ọkọ̀, wọn kò so ènìyàn."

Àwọn tó ń wọ bọ́lẹ́kájà láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú Òde tàbí Ìkòròdú kò sàn jù wọ́n lọ. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, bíi ti Bedford tàbí Austin, ló ń ti òkè òkun wá. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ìyókù. Pákó gbọọrọ ni èrò ń jókòó lé. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo èrò yóò ya lu ara wọn. Ẹni tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọ̀ràn máa ń kàn jù.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ààbò nígbà náà ni ọmọọṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú igi wẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́. Bí lọ́rì bá ń gun òkè, tí agbára rẹ̀ tán, tó fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn, ọmọọṣẹ́ yóò fò sílẹ̀, yóò sì fi igi náà há ẹsẹ̀ táyà. Èmi fojú ara mi rí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Òfin ọkọ̀ ìgbà òyìnbó béèrè bíréèkì, iná, fèrè àti iye èrò tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé, wọ́n sì ń fi ọ̀dà kọ iye èrò náà sí ara pákó. Ohun tí yóò di èrò náà mú lórí àga kò sí nínú ohun tí wọ́n béèrè.

Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, mọ òwò yìí dáadáa. Kí ó tó lọ kàwé òfin, ó ti ṣòwò ọkọ̀ àti ti irè oko ní àwọn ọdún 1930, ó sì ti ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nigerian Motor Transport Union. Ní ìgbà yẹn, ohun tó wà láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ àti ìjọba ni owó ìwé-àṣẹ, àti bí lọ́rì ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ rélùwéè. Ọ̀rọ̀ owó ni, nítorí owó ni ọkọ̀ jẹ́ lójú gbogbo ayé. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ní òfin tirẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Sweden ní 1959

Ní 1959, Nils Bohlin, ẹnjiníà kan ní ilé iṣẹ́ Volvo ní Sweden, ṣe bẹ́líìtì tó gba èjìká kọjá sí ìbàdí, tó sì ní ibi mẹ́ta tí wọ́n ti so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni Bohlin ti wá, níbi tó ti ń ṣe àga tí ń ju awakọ̀ òfuurufú jáde nínú ewu. Bẹ́líìtì ti wà ṣáájú tirẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò kọjá okùn orí ikùn. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ikùn ni irú okùn bẹ́ẹ̀ ń fún, orí awakọ̀ yóò sì tún lọ bá sìtíárì. Ti Bohlin mú egungun àyà àti ti ìbàdí, ìyẹn ibi tí ara le. Volvo gba ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ibẹ̀ ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ ní àwọn ọdún 1960 pé kí bẹ́líìtì wà níwájú, òfin náà sì kan ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1965. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ fún ọkọ̀ tuntun láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1968. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti fi dandan mú ènìyàn láti dè é, ní ìparí ọdún 1970. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe é mọ́ ọkọ̀ kò fi dandan mú awakọ̀ láti dè é títí di ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní 1983. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó sáré gbà á. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi jiyàn lórí rẹ̀ kí wọ́n tó gbà.

Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn iṣẹ́ Bohlin, ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọjọ́ 10 oṣù Keje 1963 ni Ṣẹ́gun Awólọ́wọ̀, ọmọkùnrin àkọ́bí Olóyè Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Ẹjọ́ ìdìtẹ̀ síjọba ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Oṣù kejì lẹ́yìn ikú ọmọ náà ni wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn àgbà tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà náà kò gbàgbé ọjọ́ yẹn. Èmi kò ní sọ pé bẹ́líìtì ìbá gbà á là, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ohun èlò náà ti wà láyé, a sì ń rin ọ̀nà wa lójoojúmọ́ láìsí i.

Ọjọ́ tí a yí apá padà

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, tó bọ́ sí apá ọ̀tún. Àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, tí àwọn Faransé ti ṣàkóso, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, àwa nìkan ni à ń gbà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ọkọ̀ láti Èkó títí dé Máídúgùrí yí padà. Kò sí ọkọ̀ tí wọ́n sọ fún pé, "Ìwọ ti dàgbà, máa gba òsì rẹ lọ."

Sìtíárì ìjàpá bàbá mi wà lápá ọ̀tún, bí ti gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé wá fún wa ṣáájú ìgbà náà. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bí bàbá bá wà lẹ́yìn lọ́rì, kò lè rí iwájú láti yà á sílẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló jókòó sí. Ìyá mi, tó wà lápá òsì, ló ń di ojú rẹ̀. Màmá yóò yọrí díẹ̀, yóò wo iwájú, yóò ní, "Ó ń bọ̀, ẹ dúró," tàbí, "Ọ̀nà ti là, ẹ máa lọ, Bàbá." Láti Ṣágámù dé Ìkòròdú ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Àwa ọmọ wà lẹ́yìn, a dúró sí àárín àga méjèèjì, a gbá orí àga mú kí àwa náà lè ríran. Bí bàbá bá tẹ bíréèkì gidi lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú àwọn ọjọ́ yẹn, ojú gíláàsì ni a ó bára wa.

Ní àwọn ọdún 1980, bàbá gbé ọkọ̀ náà fún ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Mákún, ó sì yí sìtíárì náà sí apá òsì fún un. Ìyẹn ni mo fi ń dá àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ lóhùn tí wọ́n bá sọ pé àtúnṣe yóò ba ògidì ọkọ̀ jẹ́. Ọkọ̀ tí a ń pè ní ògidì yìí, a ti yí sìtíárì rẹ̀, a ti pààrọ̀ iná rẹ̀, a ti kun ún lọ́dà, a ti tún kúṣìn rẹ̀ rán. Gbogbo rẹ̀ la ṣe kó lè bá ọ̀nà mu. Bẹ́líìtì nìkan ni a wá rántí pé kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà márosẹ̀ dé

Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Fọ́ksíwágìn náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Owó Udoji, àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Tíṣà ra ìjàpá, akọ̀wé ra ìjàpá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ra 504. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ ti ní mọ́tò níwájú. Ní àwọn 504 tí mo wọ̀ nígbà náà, bí bẹ́líìtì bá wà, a máa ń tì í sábẹ́ àga kó má baà dí ènìyàn lọ́wọ́. Pijó elérò tó ń ti gáréèjì gbé wa lọ sí Bìní ń kó èrò mẹ́sàn-án sórí ìlà àga mẹ́ta, a sì ń fún ara wa débi pé èrò ni bẹ́líìtì èrò.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dé, tí wọ́n ṣí ní 1978. Ọ̀nà tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń gba Ìkòròdú wá sí Ṣágámù, ó ń gba àárín ìlú, ó ń yí kọ́nà, ó sì ní ọjà létí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sá eré burúkú lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà tuntun yìí gùn tó kìlómítà 127, ó tẹ́jú, kò sì sí ọjà tí yóò dá ẹni dúró. Ọkọ̀ tó bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá forí sọ ẹ̀yìn tírélà, ọkọ̀ yóò dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò ṣì máa lọ ní eré tó ń sá bọ̀, títí tí nǹkan yóò fi dá a dúró. Bẹ́líìtì ni, tàbí sìtíárì, tàbí gíláàsì.

Ilẹ̀ wa sì di oríta gbogbo ọ̀nà yẹn. Ní Ṣágámù ni ẹni tó ń lọ sí Bìní àti ìlà-oòrùn ti ń yà kúrò lára ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn àti òkè Ọya. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní Ṣágámù, ibi ìkó-epo-sí wà ní Mósìmí, àwọn tírélà àti táńkà sì ń sùn sí Ògèrè. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé sìmẹ́ńtì, ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ ẹlẹ́rù láti Apápá ń bá ìjàpá rìn lórí títì kan náà. Ìjàpá kò ga tó táyà wọn méjì tí a bá gbé wọn lé ara wọn. Àwọn tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ sí lágbègbè yìí, ilé ìwòsàn ńlá ti Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù ni wọ́n ń gbé púpọ̀ nínú wọn lọ.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà

Ó yẹ kí ọmọ Rẹ́mọ mọ̀ pé ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó rù jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, ilé wa ni bàbá rẹ̀ ti wá. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Wọlé Ṣóyínká sí, ṣùgbọ́n Ìsarà Rẹ́mọ ni ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Òun ló ṣe agbátẹrù àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1977. Wọ́n tú wọn ká ní 1983. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin 45 dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1988, Ṣóyínká ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún méjì ṣáájú. Ẹni tó bá ti gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lè jókòó sílé kó máa kọ ìwé rẹ̀, àmọ́ ojú títì ló lọ dúró sí. Inú mi dùn sí i títí di òní.

Bẹ́líìtì kò sì dúró de òfin kó tó wọ Rẹ́mọ. Lẹ́yìn 1986 tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tó ọkọ̀ tuntun mọ́. Tòkunbọ̀ ló gbòde, tí wọ́n ń gbà láti Kútọ́nù àti èbúté Èkó. Inú tòkunbọ̀ ni bẹ́líìtì wà wá. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì tó kọ́kọ́ lo ọkọ̀ náà ti ń dè é tipẹ́, nítorí òfin tiwọn. Àwa gbà á lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọkọ̀, a sì fi í sílẹ̀ níbi tó kọ́ sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ènìyàn gidi lórí rẹ̀, ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti 2004 sì tẹ̀ lé e. Lónìí, SUV ni àmì ẹ̀ṣẹ̀ náà lórí ìwé FRSC, owó ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ ₦2,000. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Awakọ̀ tí kò ní bẹ́líìtì ra okùn dúdú, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì ń fà á gba àyà bó bá rí àwọn ẹ̀ṣọ́ lókèèrè. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó níwájú ń fọwọ́ di orí bẹ́líìtì mú sí ìbàdí láìkì í bọ ihò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá àwọn ẹ̀ṣọ́, wọn yóò jù ú sílẹ̀. Òfin ni wọ́n dì mú, kì í ṣe ara wọn. Mo rí i lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlíṣàn, mo rí i ní Símáwà, ó sì dùn mí, nítorí owó tí wọ́n fi ra okùn ẹ̀tàn náà kò jìnnà sí owó bẹ́líìtì gidi.

Ihò mẹ́ta nínú ìjàpá

Nígbà tí mo gbé ìjàpá bàbá mi lọ fún àyẹ̀wò kí n lè gba pàtíkúlà rẹ̀ pé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá yẹ̀ ẹ́ wò fún mi ní ọ̀wọ̀ tó tọ́. Iná mọ́lẹ̀, bíréèkì mú. Ó na ọwọ́ wọlé, ó wá bẹ́líìtì tì. "Mọ́mì, bẹ́líìtì ọkọ̀ yìí ńkọ́?" Mo ní, "Ọmọ mi, 1967 ni wọ́n ṣe é. Kò bá a wá." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ọ̀nà tí ẹ óò gbé e gbà lọ sílé, kì í ṣe ti 1967." Mo padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

A tú àga iwájú, a gbé ti ẹ̀yìn sókè. Ẹni tó bá ní ìjàpá mọ̀ pé abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà. Omi bátìrì ti jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ débi pé skúrúdíráfà kọjá lára rẹ̀ bí ẹni gún bébà. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ yé mi pé ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì nínú ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀rọ̀ irin ni kó tó di ọ̀rọ̀ okùn. Bẹ́líìtì tó le jù lọ láyé, tí a bá so ó mọ́ irin tó ti dípẹtà, yóò fa irin náà tu pẹ̀lú ènìyàn ni. Pánẹ́lì bítà gé gbogbo ibi tó ti jẹrà, ó sì wẹ́ẹ̀dì irin tuntun dí i.

Nígbà tí a wá ṣí aṣọ inú ọkọ̀ lára òpó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọ̀gá náà fi ìka kan nǹkan, ó ní kí n wá wò ó. Rọ́bà kékeré kan ló dí ihò kan níbẹ̀. Ó yọ ọ́. Ihò náà ní eyín skúrù nínú, irin tó yí i ká sì nípọn ju ìyókù lọ. A wá ìsàlẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, òmíràn wà níbẹ̀. Ìkẹta wà lára ilẹ̀ ọkọ̀ láàárín àga méjèèjì. Ihò mẹ́ta fún ibi mẹ́ta tí Bohlin sọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní Jámánì ti pèsè ibi tí bẹ́líìtì yóò dúró, wọ́n dí i ní rọ́bà, wọ́n sì gbé e ránṣẹ́ sí wa. Bẹ́líìtì ni kò bá a wá, ibùjókòó rẹ̀ ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ aṣọ, tí bàbá mi kò sì mọ̀.

Bóòtù tó ń wọ ihò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe bóòtù kíbóòtù. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 7/16 ìǹsì, ìwọ̀n kan náà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ káàkiri ayé ń lò fún bẹ́líìtì, irin líle sì ni. Ọ̀gá náà kò jẹ́ kí a fi ti ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀. Bẹ́líìtì tuntun ni a rà. Ó kọ èyí tí wọ́n tú lára tòkunbọ̀ tó ti ní ìjàm̀bá, nítorí bẹ́líìtì tó bá ti gba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ti nà, okùn rẹ̀ kò ní agbára tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ tí ń ká bẹ́líìtì sí ìdúró tó yẹ kó wà, nítorí bó bá dagun jù, kò ní jẹ́ kí a fà á jáde, tàbí kó má di ènìyàn mú nígbà tó yẹ. Níkẹyìn, ó fà á lójijì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó há. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó."

Ohun tó tọ́ sí ọkọ̀ àtijọ́

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ṣáájú 1965 kò pọn dandan kó ní bẹ́líìtì, láti 2018 sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò ti ní láti ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́, bí wọn kò bá ti yí i padà púpọ̀. Síbẹ̀, òfin kan náà sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ tí kò ní bẹ́líìtì, àti pé ọmọ tó ju ìyẹn lọ gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọmọ ṣe ọ̀wọ̀ náà. Wọ́n sì lè fún ọkọ̀ ní irú àyè bẹ́ẹ̀ nítorí pé púpọ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́ wọn kì í jáde ju ọjọ́ ìsinmi lọ. Tiwa ń lọ sọ́jà, ó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, ó sì ń bá táńkà rìn láti Mósìmí.

Ìdájọ́ tèmi ni pé kí a má ṣe fi ọjọ́ orí ọkọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ara wa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìjàpá, 404, 504 tàbí Mọ́rísì, ẹ tú aṣọ òpó ọkọ̀ yín wò kí ẹ tó sọ pé kò sí ibi tí bẹ́líìtì yóò dúró. Bí ihò bá wà, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́, kó wẹ́ẹ̀dì irin pẹlẹbẹ tó nípọn mọ́ ẹ̀yìn ibi tí bóòtù yóò gbà, kí ẹ sì kọ́kọ́ rí i dájú pé irin ibẹ̀ kò tíì jẹrà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn lásán tàn yín.

Ẹ̀yin olùyẹ̀wò, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pe fífa okùn nìkan ní àyẹ̀wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ibi tí bóòtù wọ̀, ẹ gbá irin ibẹ̀ wò. Awakọ̀ tó so okùn ẹ̀tàn àti màmá tó so bẹ́líìtì gidi kò yẹ kí wọ́n gba ìwé kan náà. Ẹ jẹ́ kí ìwé tí ẹ bá buwọ́ lù túmọ̀ sí pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà ní ohun tí yóò dì í mú.

Obì nìkan kọ́ ló yẹ ká so mọ́ ọkọ̀ ní Rẹ́mọ. Ẹ de bẹ́líìtì yín, ẹ sì de ti àwọn ọmọ.